Omi Tó Yẹ Kó Wà Nínú Táńkì Kí Mótóhòmù Tó Kúrò Nílé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sojú abẹ níkòó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé mótóhòmù, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ìdáná àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì nínú, jáde nílẹ̀ Britain níbí, ẹ má rọ omi kún táńkì láti ilé. Lítà 20 ti tó, tó bá pọ̀ tán kó jẹ́ 30, ibi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ sùn lẹ ti máa bu ìyókù.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ṣòro gbà fún ọ̀pọ̀ wa, ó sì nídìí. Àwa tá a dàgbà nílé, ní Ìbàdàn, l'Ékòó, l'Óṣogbo, a ti mọ̀ láti kékeré pé tómi bá ti dé, ohunkóhun tó bá ti ní inú nínú ilé gbọ́dọ̀ kún, dúrọ́ọ̀mù o, kẹ́ẹ̀gì o, bọ́kẹ́ẹ̀tì o, ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa tún dé, ó lè jẹ́ ọ̀la, ó lè jẹ́ oṣù tó ń bọ̀. Tí ò bá wá dé, ó di ká máa dúró de mẹ́ruwá tàbí ká gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sídìí bọ́hòlù ilé kejì. Ẹni tó dàgbà báyìí, tẹ́ ẹ bá fi táńkì lítà 100 hàn án tẹ́ ẹ ní kó bu 20 péré sí i, ọkàn ẹ̀ ò ní balẹ̀. Mi ò bá a wí rárá. Ojú ẹ̀ ti rí i rí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó máa rìn ni mótóhòmù, gbogbo ohun tó bá sì wọ inú ẹ̀ ló níye tó wọ̀n.

Lítà omi kan, kílò kan ni. Táńkì lítà 100 tó bá kún, ẹ ti fi odidi ọkùnrin kan tó síngbọnlẹ̀ kún èrò ọkọ̀ yín nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ mótóhòmù tí wọ́n ń tà tàbí tí wọ́n ń yáni níbí, kílò 3,500 ni ìwé ẹ̀ sọ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá, àtọkọ̀ àtèèyàn àtẹrù àtomi àti gáàsì, gbogbo ẹ̀ pátá. Ibẹ̀ náà ni agbára láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní B mọ. Àwọn tó ti yege ìdánwò ọkọ̀ wíwà níbí kí ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1997 tó dé, wọ́n láǹfààní láti wa èyí tó tó 7,500. Àwa tá a wá láti Nàìjíríà ńkọ́? Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà ò sí lára èyí tí wọ́n ń gbà pààrọ̀ níbí, ọdún kan péré lẹ lè fi wakọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé níbí, ẹ̀yìn ìyẹn ẹ máa lọ jókòó ṣe ìdánwò bíi gbogbo èèyàn, èyí tó jẹ́ pé àwa tá a dé lẹ́yìn 1997, inú 3,500 yẹn náà la wà, àfi ẹni tó bá lọ ṣe ìdánwò míì lé e.

Àwọn DVSA, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, lè dá yín dúró lójú ọ̀nà kí wọ́n wọn ọkọ̀ yín. Owó ìtanràn wà ńbẹ̀, tó bá sì wúwo kọjá bó ṣe yẹ wọ́n lè ní kẹ́ ẹ má gbé e kúrò lójú kan àfi tẹ́ ẹ bá sọ ẹrù kalẹ̀. Kì í sì í ṣe àpapọ̀ nìkan ni wọ́n ń wò o, wọ́n ń wo ohun tí táyà iwájú gbé lọ́tọ̀, èyí tí tẹ̀yìn gbé lọ́tọ̀. Àmọ́ ká tiẹ̀ fi owó ìtanràn sílẹ̀, ọkọ̀ tó bá wúwo ju agbára ẹ̀ lọ, búréèkì ẹ̀ kì í tètè mú, táyà ẹ̀ á máa gbóná, ọmọ wa ló sì jókòó sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pọ̀. Ká ní ìwé ọkọ̀ sọ pé ẹ lè fi kílò 400 lé e. Àwọn ọkọ̀ kan ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ka awakọ̀ mọ́ ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, kílò 75 ni wọ́n pè é, àmọ́ wọn ò ka àwọn tó jókòó tì í. Ìyá ọmọ, 75. Ọmọ méjì, ẹ jẹ́ ká pe àwọn méjèèjì ní 80. Ìyá àgbà tó wá kí wa láti ilé, 70. 225 ti lọ, ó ku 175. Nípa ti omi, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ yìí, pàápàá àwọn ará Jámánì, lítà 20 péré ni wọ́n kà mọ́ ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ yẹ inú ìwé ọkọ̀ yín wò dáadáa, ẹ lè rí i pé wọ́n kọ 100 síbì kan, wọ́n wá kọ 20 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé iye tó yẹ kẹ́ ẹ gbé rìn nìyẹn, àwọn míì tiẹ̀ fi fáàfù kan sínú táńkì tó máa ń da èyí tó bá lé ní 20 nù. Tẹ́ ẹ bá wá rọ ọ́ kún dẹ́múdẹ́mú, 80 tó lé yẹn, inú 175 yìí náà ló ti máa jáde. Ó ku 95. Nínú 95 yìí la ti máa rí àyè fún aṣọ èèyàn márùn-ún, bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìkòkò, tábìlì àti àga tá a máa gbé síta, kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ, ìrẹsì, gààrí, ẹ̀lùbọ́, ẹ̀wà, epo, àti iṣu tí ìyá àgbà sọ pé òun ò ní fi sílẹ̀. Kò lè gbà á. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ bọ́ọ́lẹ̀, omi ló sì rọrùn jù láti sọ̀ kalẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀, torí òun la máa rí bù níbi tá à ń lọ.

Ẹ wo ọ̀nà tá a sábà máa ń gbà, láti Manchester sí Inverness. Ó tó nǹkan bíi máìlì 370, ẹ gba M6 gòkè, ẹ kọjá Tebay, ẹ wọ Skọ́tíláǹdì ní Gretna, títí tẹ́ ẹ fi máa bọ́ sí A9. Kí lèèyàn fẹ́ fi lítà 100 ṣe lójú ọ̀nà yẹn? Tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà ní gbogbo ibi ìsinmi mọ́tòwéè. A máa se tíì, a máa fọwọ́, ọmọ á da jíúùsì sára, ẹnì kan á fẹ́ lo bútà kíákíá. Lítà 20 ò ní tán. Ṣé a máa wá gbé 100 la gbogbo òkè yẹn kọjá, ká dé kámpùsáìtì, ìyẹn ibi tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń sùn nínú ọkọ̀, tí ẹ̀rọ omi wà nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀, ká wá máa wo omi tá a gbé wá láti ilé? Ẹ dé ibẹ̀ ná, ẹ páàkì, kẹ́ ẹ wá rọ ọ́ kún bó ṣe wù yín. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan ò lẹ́jọ́ ìwọ̀n pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Omi mímu lọ́tọ̀ o. Kẹ́ẹ̀gì lítà 10 kan, tó mọ́, tó ní ìdérí gidi, tẹ́ ẹ bu láti ẹ̀rọ ilé yín, kó wà nínú ọkọ̀ níbi tọ́wọ́ ti lè tó o. Mo máa ṣàlàyé ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn tó bá yá. Kẹ́ẹ̀gì yìí náà lẹ lè fi wọn omi sínú táńkì, torí iná kéékèèké tí wọ́n fi ń wo omi táńkì nínú ọ̀pọ̀ mótóhòmù, ìdá mẹ́rin-mẹ́rin ló ń sọ, kò lè sọ fún yín pé 20 ni tàbí 35. Kẹ́ẹ̀gì méjì, 20 nìyẹn, ọ̀rọ̀ parí.

Ó wá ku iye tá à ń lò gan-an lójúmọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi tí ò níye pé mótóhòmù kì í ṣe ti Yorùbá, pé àwa fẹ́ràn omi jù, pé èèyàn tó ń fomi ṣàn dí, tó ń fọ ìrẹsì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tó ń ṣe àlùwàlá, báwo ló ṣe fẹ́ gbé inú àpótí tómi ẹ̀ ò ju lítà 100 lọ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí òdìkejì ẹ̀ ni mo gbà gbọ́. Nínú gbogbo àwọn tó ń wa ọkọ̀ yìí kiri, kò sẹ́ni tó yẹ kó mọ omi ṣọ́ lò tó àwa tá a fi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wẹ̀ dàgbà. Ẹni tó ń gbé Britain ń lo tó lítà 140 lójúmọ́ nílé ẹ̀, èèyàn kan péré o. Ẹ̀yin náà ẹ ronú wo, nígbà tẹ́ ẹ wà nílé, lítà mélòó lẹ fi ń wẹ̀ lọ síléèwé láàárọ̀?

Ṣáwà ló ń jẹ omi mótóhòmù. Pọ́ǹpù tó wọ́pọ̀ nínú wọn lè ti lítà 7 títí dé 10 jáde ní ìṣẹ́jú kan tẹ́ ẹ bá ṣí i sílẹ̀ pátápátá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré lábẹ́ ẹ̀, 28 ti lọ. Èèyàn márùn-ún á lo 140, táńkì á ti gbẹ kí ẹni kẹrin tó ṣanra tán.

Nígbà tí ìyá mi wá, a gbé wọn lọ sí Durness, ní ìparí ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì lápá àríwá, níbi tí òkun ti mọ́ gaara tí àgùntàn ń jẹko létí àpáta. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ń ṣàlàyé ṣáwà fún wọn, bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ fọṣẹ, kí wọ́n tún ṣí i tí wọ́n bá fẹ́ ṣàn án. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ìwọ Bọ́láńlé, bá mi wá abọ́ kan àti kọ́ọ̀pù." Mo ní Màmá, abọ́ tá a fi ń fọ ewébẹ̀ ló wà. Wọ́n ní kí n gbé e wá. Wọ́n bu omi gbóná díẹ̀, wọ́n fi tútù là á, kò ju lítà mẹ́rin lọ torí mo mọ abọ́ yẹn, wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣáwà, wọ́n lóṣòó tì í. Kọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ lọ sí orí àti èjìká, ìkejì sí àyà àti ẹsẹ̀, wọ́n fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú ha ara wọn látòkè délẹ̀, wọn ò fọwọ́ kan omi ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fọṣẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n wá ń ṣan án láti orí wá sísàlẹ̀, kọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ọwọ́ òsì tẹ̀ lé omi bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ kó má baà sí ibi tó fò. Nígbà tí wọ́n jáde, omi ṣì kù nísàlẹ̀ abọ́, òun ni wọ́n fi fọ sílípáàsì wọn. Wọ́n ní, "Ara mi mọ́ ju tẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dúró sábẹ́ òjò lọ."

Láti ọjọ́ yẹn abọ́ la fi ń wẹ̀ nínú ọkọ̀, àtọmọ àtàgbà. Ó tún bá ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná mu, torí èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ mótóhòmù, lítà 10 péré ló ń gbóná lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ bá fi ṣe ṣáwà kò ní tó èèyàn méjì, tẹ́ ẹ bá fi abọ́ bù ú tẹ́ ẹ fi tútù là á, gbogbo ilé á wẹ̀.

Ní ti àlùwàlá, kò yẹ kó ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ó wà nínú hádíìsì Bukhari àti Muslim pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́run, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a, múùdù kan ló fi ń ṣe àlùwàlá, múùdù yìí ò sì tó lítà kan, ó wá ń fi mẹ́rin sí márùn-ún wẹ gbogbo ara. Ẹ gbọ́ ná, mẹ́rin sí márùn-ún, kò ju lítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, abọ́ ìyá mi gan-an nìyẹn. Arìnrìn-àjò sì láǹfààní láti kí àílà pọ̀ mọ́ àlásáárì, kó kí mọ̀gàríbì pọ̀ mọ́ íṣáì, nítorí náà àlùwàlá mẹ́ta lójúmọ́ lè tó. Bútà ni kẹ́ ẹ lò. Tẹ́ ẹ bá ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ lórí sínkì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ti lo ìlọ́po mẹ́ta.

Torí náà, ìṣirò ilé tiwa fún ọjọ́ kan, èèyàn márùn-ún, rí báyìí: mímu àti oúnjẹ, 15. Ìwẹ̀ pẹ̀lú abọ́, 20, torí tàwọn ọmọ kéré. Abọ́ fífọ̀, 8, ìyẹn tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fi tíṣù nu epo kúrò lára ìkòkò. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti bútà, 10. Àlùwàlá àgbàlagbà mẹ́ta, 9. Ẹnu fífọ̀ àti ọwọ́, 5. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 67. Ẹ pè é ní 70 kó lè gba àlejò. Kò sẹ́ni tó dọ̀tí nínú wa, kò sẹ́ni tí òùngbẹ gbẹ.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń bá wa sọ̀rọ̀ omi kì í sọ, torí tíṣù ni wọ́n ń lò. Àwa tá à ń fi omi ṣàn dí, kásẹ́ẹ̀tì tọ́ílẹ́ẹ̀tì wa, ìyẹn àpótí abẹ́ ẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbin, tètè ń kún. Kò ju lítà 17 sí 20 lọ, omi bútà á sì bá ìyókù wọ inú ẹ̀. Èèyàn márùn-ún, ojoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ gbèrò láti lọ dà á. Tẹ́ ẹ bá wá ní omi ọjọ́ méjì nínú táńkì àmọ́ tí kásẹ́ẹ̀tì ti kún ní ọjọ́ kan, kí lẹ gbé omi ọjọ́ kejì fún? Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tẹ́ ẹ ti lò, èyí tó ń lọ sínú táńkì omi ìdọ̀tí. Ó ti kúrò lókè, ó wà nísàlẹ̀, ọkọ̀ ò tíì fúyẹ́ rárá àfìgbà tẹ́ ẹ bá dà á síbi tó yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i sílẹ̀ sínú koríko ẹnìkan, torí pé ilẹ̀ ti ṣú tẹ́nì kankan ò rí yín. Ojú tí wọ́n bá fi wo ẹnì kan nínú wa ni wọ́n máa fi wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìgbà wo la wá máa ń gbé omi púpọ̀? Tá a bá fẹ́ sùn níbi tí kò sí ẹ̀rọ. Ní Skọ́tíláǹdì, àwọn Forestry and Land Scotland, àjọ tó ń bójú tó igbó ìjọba, ní àwọn páàkì nínú igbó tí wọ́n gbà kí mótóhòmù sùn mọ́jú, ẹ máa sanwó díẹ̀, ibẹ̀ sì tutù, ó dákẹ́, ó dùn, àmọ́ ẹ má retí ẹ̀rọ omi. Nígbà yẹn, ibi tí ẹ̀rọ ìkẹyìn wà, bíi Ullapool, la ti máa bu 70, kì í ṣe nílé. Àmọ́ òfin ìwọ̀n ò yọ ọ̀nà kúkúrú sílẹ̀ o. Àyè kílò 70 yẹn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìṣirò láti ilé, ìyẹn la ṣe fi kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ sílẹ̀ nílé, tá a fi àga ńlá pààrọ̀ àpótí kéékèèké. Ẹ máa rí odò tó ń ṣàn lójú ọ̀nà níbi gbogbo, omi ẹ̀ á mọ́ lójú, ẹ má bù ú sínú táńkì. Àgùntàn àti àgbọ̀nrín ló wà lókè odò yẹn. Àwọn Scottish Water, ilé iṣẹ́ tó ń pèsè omi níbẹ̀, ti ri ẹ̀rọ omi mímu mọ́ àárín ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀, fún ìgò àti kẹ́ẹ̀gì kékeré nìyẹn, ẹ má lọ fa họ́ọ̀sì sí i.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tiyín lè yàtọ̀. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ lọ síhà aṣálẹ̀ Arizona, bíi Quartzsite níbi tí wọ́n máa ń pàgọ́ sí nígbà òtútù, kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò lítà 20. Omi gálọ́ọ̀nù kan tiwọn, pọ́n-ùn 8.34 ni, ọkọ̀ wọn tóbi, ẹ̀rọ sì lè jìnnà gan-an. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ rọ ọ́ kún, kó sọ nǹkan míì kalẹ̀.

Ó ku ti kẹ́ẹ̀gì tí mo lẹ́ ẹ gbé sínú ọkọ̀. Òtútù ló wà nídìí ẹ̀. Láti oṣù kẹwàá lọ, òru lè tutù gan-an lókè lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ omi gbóná tí Truma ń ṣe, tó wà nínú ọ̀pọ̀ mótóhòmù, ní fáàfù kan tó máa ń ṣí fúnra ẹ̀ tí òtútù ibi tó wà bá ti já sí nǹkan bíi dígírì 3, kí omi má baà di yìnyín nínú ẹ̀ kó bẹ́ ẹ. Omi inú ẹ̀ á dà sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ níbi tẹ́ ẹ ti ń sùn lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá fi pọ́ǹpù sílẹ̀ láìpa, ó lè máa ti ti táńkì náà tẹ̀ lé e. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé táńkì nìkan á jí ní àsùbá, kò ní rí omi àlùwàlá. Nítorí náà ẹ pa pọ́ǹpù kẹ́ ẹ tó sùn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì lítà 10 yẹn kún nígbà gbogbo.

Láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà sílé, ẹ da omi ìdọ̀tí, ẹ da kásẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí táńkì omi mímọ́ kó dà títí tó fi máa ku nǹkan bíi 20. Họ́ọ̀sì tẹ́ ẹ fi ń bu omi, ẹ má jẹ́ kó kan èyí tí wọ́n fi ń ṣan kásẹ́ẹ̀tì láéláé, ẹ ní tiyín nínú báàgì tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá délé, 20 tó kù yẹn náà, ẹ dà á sídìí òdòdó, kẹ́ ẹ fi ibi tómi ń gbà jáde sílẹ̀ ní ṣíṣí kó gbẹ dénú kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ pamọ́.